Lẹ́tà Tí Mo Fi Hóró Kòkó Tò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, nítorí èmi fúnra mi kò lè jókòó mọ́. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi a máa mì. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ìka mi a máa tẹ ojú aṣọ ìbora tó-tò-tó bí ẹni ń to nǹkan. Ìyá mi ní kí n gbàdúrà sí i, mo ti gbà á. Wòlíì ìjọ Aládùúrà wa ti wọ́n omi sí mi lórí, síbẹ̀ ọkàn mi kò rí ibi bà lé. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, àwọn àgbà ilé wa àti àwọn àgbà ilé àfẹ́sọ́nà mi yóò jókòó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi: ṣé kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó ni, àbí kí wọ́n kó ẹrù ìdána padà fún ẹni tó gbé e wá? Bí wọ́n bá sì bi mí pé kí ló dé, èsì tí mo ní ni pé nítorí lẹ́tà ni. A, B, D! Ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti rín tirẹ̀ ní àríntẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí obìnrin tó kọ ọkọ nítorí ọtí, mo ti rí èyí tó kọ̀ ọ́ nítorí orogún. Èyí tó máa kọ ọkọ nítorí ábídí, ojú mi ò rí i rí." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rín.

Ọmọ Aládé ní Ìdànrè ni mí. Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ ètò tí ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé. A kò pọ̀ tí à ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn mi nílé kò sì mọ ohun tó jẹ́ gan-an. Wọ́n kàn ń sọ pé mò ń bá tẹlifísàn sọ̀rọ̀. Wọn kò ṣìnà púpọ̀, nítorí ojú ẹ̀rọ náà dà bíi ti tẹlifísàn lóòótọ́, lẹ́tà ló sì ń hàn níbẹ̀. Ẹyọ iná kéékèèké ni wọ́n fi ń to lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ó. Yàrá kan náà sì ni gbogbo lẹ́tà ní. "i" tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná àti "m" tó fẹ̀ bí abiyamọ tó gbé ọmọ pọ̀n, ààyè wọn dọ́gba. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún àwa tí à ń kọ ètò, nítorí a fẹ́ kí ìlà kan dúró gán-án sábẹ́ èkejì, kí ojú lè tètè rí ibi tí nǹkan ti yẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ìka kò dọ́gba. Nínú ẹ̀rọ yìí, wọ́n dọ́gba. Kò sí ọmọ ìyálé, kò sí ọmọ ìyàwó. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ náà, nítorí láti kékeré ni ìrẹ́jẹ ti máa ń dùn mí bí ẹni pé ara mi ni wọ́n ti gé e.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwọn lẹ́tà tó bá ẹ̀rọ náà wá kò ro ti ẹnikẹ́ni. Òdo àti lẹ́tà O jọra bí ìbejì. Oókan àti "l" kékeré, àfi kí o máa méfò. Nígbà tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ dé, tí tíṣà pọ̀ jọjọ, kọ̀ǹpútà ni a fi ń pín wọn sí ilé-ìwé, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀ tí a fi lẹ́tà àti nọ́ńbà kọ. Ẹnì kan nínú wa ṣi òdo rí, ó pè é ní O. Tíṣà kan tí oyún rẹ̀ ti ga, tó yẹ kó wá sí Aládé níbi tí ọkọ rẹ̀ wà, ẹ̀rọ gbé e lọ sí Ofosu, létí títì Ọrẹ̀ sí Bìní. Ó gbé oyún náà wá sí ọ́fíìsì wa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sunkún. Ọ̀gá wa ní, "Màdáàmù, kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀." Mo wo ojú ẹ̀rọ náà, mo wo obìnrin náà. Ṣé nítorí pé ẹnì kan kò ṣe wàhálà láti ya òdo dáadáa ni aboyún yóò ṣe máa sùn nínú igbó? Ọjọ́ náà ni mo sọ pé n ó ya lẹ́tà mìíràn, láti A dé Z, àti gbogbo nọ́ńbà.

Ẹni tí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni Kúnlé. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ, ó sì gbà mí tọkàntọkàn. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè é ní bùọ̀dá, ó ní tí mo bá tún pè é bẹ́ẹ̀, òun náà yóò máa pè mí ní àǹtí. Òun ló ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, tó fi nǹkan dúdú kékeré kan hàn mí, ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn. Ó ní inú ọ̀kùn yẹn ni wọ́n kọ ìrísí lẹ́tà sí, pé bí mo bá lè ya tiwa, òun lè kọ ọ́ sínú òmíràn, kí òun fi rọ́pò rẹ̀. Èmi yóò yà, òun yóò kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Mo yà, mo yà, lórí ìwé gíráàfù, kò dára. Ohun tó dára lójú ìwé, tó bá dé ojú ẹ̀rọ, á dà bí ohun tí adìẹ tú. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo rí ọ̀nà àbáyọ, n kò sì wá a. Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa ni ìyá mi máa ń tẹ́ ẹní ìko sí láti sá kòkó, bí gbogbo aládùúgbò ti ń ṣe. Ó ní kí n máa lé ewúrẹ́. Bí mo ti jókòó, mo rí i pé ibi tí ìko ti gba orí ara wọn kọjá nínú ẹní náà dà bí yàrá kéékèèké, gbogbo wọn dọ́gba. Mo mú hóró kòkó gbígbẹ, mo fi ọ̀kan sínú yàrá kan, mo fi òmíràn sí èkejì. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti to R. Mo gun òkè àpáta lọ díẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn. R ni lóòótọ́! Láti òkè, o kò ní rí kòkó mọ́, lẹ́tà nìkan ni wàá rí, bí yóò ti rí gan-an lójú ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Kúnlé ń wọ ọkọ̀ wá láti Àkúrẹ́. Èmi a máa tò ó nísàlẹ̀, òun a dúró lókè àpáta, a máa pariwo.

"Kí lo rí?"

"Mo rí B tó ń ṣàìsàn!"

"S ni!"

"Ó yẹ kí wọ́n gbé S náà lọ sí ọsibítù!"

Àwọn ọmọ àdúgbò a máa rẹ́rìn-ín. Àpáta náà dà gẹ̀rẹ́, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí hóró ìsàlẹ̀ lè gbé ti òkè ró. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, gbogbo rẹ̀ á yí. Ìyá mi a kọjá, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kòkó tí mo fẹ́ tà lo fi ń ta ayò?" Ṣùgbọ́n òun náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ kan ẹní náà. Òun ló sì bá mi yanjú òdo. Mo ti fún ikùn rẹ̀ pọ̀, mo ti fà á gùn, síbẹ̀ Kúnlé ń pariwo lókè pé O ni. Ìyá mi ń la kòkó tútù nítòsí. Ó gbọ́ bí mo ti ń ráhùn, ó na ìlàjì kòkó kan sí mi, ó ní, "Méjì lè jọra lóde. Là á. Hóró inú ẹ̀ ló máa sọ èyí tó jẹ́ fún ọ." Mo mú hóró kan, mo gbé e sáàárín òdo. Kúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí àpáta bí ẹni tí ẹ̀mí bà lé.

Ní ọjọ́ tí a fi òdo náà sínú ẹ̀rọ, tí ó hàn pẹ̀lú hóró rẹ̀ láàárín, mo sunkún. Láàárín àsìkò náà ni Kúnlé kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí Aládé láti tọrọ mi. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Ìyá mi ní, "Dìde, láti òní lọ ọmọ mi ni ọ́." Inú mi dùn nígbà náà. Ta ni ì bá mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni yóò padà wá dá mi lẹ́jọ́?

Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹ̀rọ náà wọ̀lú gbọ́ nípa lẹ́tà wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi sínú gbogbo èyí tí wọ́n bá tún tà. Wọ́n wá láti Èkó, wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́. Nítorí pé Kúnlé ló ga níbi iṣẹ́, òun ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Mo jókòó sẹ́yìn, mo wọ bùbá tuntun, mò ń retí ìgbà tí yóò ní kí n dìde kí wọ́n rí mi. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ ti aboyún náà. Ó sọ ti ẹní àti ti àpáta. Nígbà tó dé orí òdo, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyá mi ń la kòkó lọ́jọ́ náà. Ó na ìlàjì kan sí mi, ó ní, 'Ọmọ mi, méjì lè jọra lóde...'" Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ẹ̀yin èèyàn mi, aṣọ ni ìyá Kúnlé ń tà ní Àkúrẹ́. Kò la kòkó rí láyé rẹ̀! Orúkọ mi tí kò dá, mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ìyá mi! Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá mi, ó fi sẹ́nu ìyá ẹlòmíràn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Mo bá a lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n kó páálí mínírà sí.

"Kúnlé, ìyá ta ni?"

"Ìyá ta ni, báwo?"

"Ìyá tó la kòkó. Ìyá ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa ni. Àbí ìdọ̀bálẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ ní Aládé, eré ni? Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ ọmọ àwọn ni mí. Ṣé wọ́n parọ́ fún mi ni?"

"Orúkọ tèmi ńkọ́?"

"Tí a bá ti gbéyàwó, orúkọ ta ni wàá máa jẹ́? Orúkọ rẹ ni mo dá. Mo kàn tètè dá a ni."

Kò sọ ọ́ bí olè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi, mo rò pé yóò bínú. Ó kàn ṣí ẹnu rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó pè mí ní ìyá òun níwájú àwọn èèyàn ńláńlá? Olúwa ṣeun." Mo jáde, mo rìn dé ẹsẹ̀ àkàsọ̀ Òkè Ìdànrè, mo tún rìn padà, n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá jà.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀ ká ní ilé-iṣẹ́ yẹn kò fẹ́ ya fọ́tò. Wọ́n fẹ́ fi sí kàlẹ́ńdà wọn: ọmọ, ìyá, àti ẹní kòkó. Kúnlé wá bá ìyá mi, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní àpáta yín. Wọ́n mọ mọ́mì mi l'Ákúrẹ́, ẹ ò rí i, àwọn ni wọ́n máa jókòó." Ìyá mi wò ó. Ó ní, "Ẹní wà níbẹ̀." Nígbà tí Kúnlé lọ tán, ìyá mi gbé ẹní náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún gbọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí eruku kankan níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ilé-iṣẹ́ náà dé, ọmọ Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú onífọ́tò. Ìyá Kúnlé dé nínú léèsì aláwọ̀ ewé, wọ́n gbé e jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, òórùn kòkó ń pa á, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ìyá yìí, mo rí i lójú rẹ̀. Ìyá mi dúró láàárín àwọn aládùúgbò bí ẹni tó wá wòran. Ọ̀kan nínú wọn pariwo, "Ìyá Aládùúrà, ṣé ẹ ti ta àpáta ni?" Onífọ́tò wá ní kí Kúnlé to òdo oníhóró náà, kí òun lè yà á lẹ́nu iṣẹ́.

Kúnlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti òkè ló ti máa ń wo lẹ́tà, kò tò ó rí. Òkè náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Hóró mélòó kan yí lọ. Ó tún un tò, wọ́n tún yí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sórí léèsì ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í rú láàárín èrò. Mo rí ojú ìyá mi. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Kòkó ló ń wò, kò lè fara da kí wọ́n máa dà á nù. Ó ké, "Kúnlé, ọmọ mi, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀! Ṣé bí o ti ń wo ìyàwó ẹ náà nìyẹn, nígbà tó ń tò ó?"

Ọmọ Ìjẹ̀bú náà yíjú. "Màmá, ta ló ń tò ó?" Èmi ni ìyá mi wò. Kúnlé náà wò mí. Mo lè sọ pé eré ni, mo lè rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì rá. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo gun ẹní, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mo to òdo, mo fi hóró sáàárín rẹ̀. Ìyá Kúnlé dìde kúrò lórí àpótí. Ó gbọn kòkó kúrò lára léèsì rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ẹní jókòó." Ó lọ jókòó sínú mọ́tò, kò tún bojú wẹ̀yìn. Onífọ́tò kò ya ẹnikẹ́ni mọ́.

Ilé-iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pé àwọn kò dá sí ìjà tọkọtaya. Wọn yóò gba lẹ́tà, wọn kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Lẹ́tà ńlá àti nọ́ńbà la ti parí, wọ́n ní kí a tètè fi àwọn lẹ́tà kékeré tó kù ránṣẹ́. Ó yẹ kí ara mi balẹ̀, àbí? Òtítọ́ ti hàn. Ṣùgbọ́n Kúnlé wá lọ́jọ́ kan, òun nìkan, kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí àpáta. Ó ní, "Mo jẹ̀bi ìyá rẹ, mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o tò ó tán lọ́jọ́ yẹn, tí gbogbo wọn ń wò ọ́, ṣé o sọ fún wọn pé èmi ló fi í sínú ẹ̀rọ? Ṣé o sọ pé èmi ló dúró nínú oòrùn lókè níbẹ̀ yẹn, tí mò ń sọ fún ọ pé kò tíì dára? Ìwọ tí o fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan dọ́gba." Ó dìde, ó lọ.

Láti ìgbà náà ni n kò ti lè jókòó. Ìbínú mi kò tíì kú, bí mo bá ti rántí ìpàtẹ́wọ́ yẹn, á tún jó. Ẹni tó gba ìyá mi lọ́wọ́ mi níwájú èèyàn lónìí, kí ni yóò gbà lọ́la, tí yóò sì ní tèmi náà ni, pé òun kàn tètè mú un ni? Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tó sọ, nítorí bí ènìyàn bá fẹ́ràn òdodo, kò lè fẹ́ràn ìlàjì rẹ̀. Mo bi ìyá mi. Ó ní òun ti dárí ti òun jì, pé tèmi kò sí lọ́wọ́ òun.

Ní àná, mo gbé ẹní lọ sórí àpáta láti to "a" kékeré. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo tò ó tán, mo gun òkè lọ láti wò ó. Kí n tó dé òkè, ewúrẹ́ ti gun ẹní. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún un tò, mo tún gun òkè, mo rí i pé ìrù rẹ̀ wọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ tún un ṣe, mo ti gbàgbé bó ṣe rí láti òkè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń gùn, tí mo ń sọ̀, títí oòrùn fi wọ̀, "a" kan ṣoṣo kò parí. Ẹnì kan kò lè wà nísàlẹ̀ kó tún wà lókè. Àwọn ọmọ àdúgbò ń wò mí, wọ́n ń bi ara wọn pé níbo ni bùọ̀dá aláriwo wà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin tí orí yín pé ju tèmi lọ, Sátidé kò jìnnà mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ ni àwọn àgbà máa bi mí, mo sì mọ̀ pé wọn kò ní fẹ́ gbọ́ ti lẹ́tà. Ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá to lẹ́tà tó kù sórí ẹní ìyá mi, ta ni kí n pè kó wá dúró lókè?